Oǹdó àti Àkúrẹ́ nínú Ìwé Àwọn Òpìtàn Ogun

Àwọn ogun tó jà ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Oǹdó àti Àkúrẹ́ sì wà láàárín wọn, kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sílẹ̀, àwọn tó sì kọ́kọ́ kọ wọ́n jẹ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n: àlùfáà tó ń jíṣẹ́ láàárín àgọ́ méjì, oníṣòwò tó mọ ojú ọ̀nà, ọmọ ìlú tí wọ́n pa baba ńlá rẹ̀ tàbí tí baba ńlá rẹ̀ pa ẹlòmíràn. Inú ìwé wọn ni àwọn onímọ̀ ìtàn ní yunifásítì ti rí ohun tí wọ́n tún yẹ̀ wò, inú rẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń kọ eré onítàn, ìyẹn eré tó mú orúkọ àti ìṣẹ̀lẹ̀ gidi láti ìgbà àtijọ́ tó sì fi ọ̀rọ̀ sí àwọn èèyàn náà lẹ́nu, ti rí ohun tí wọ́n gbé lọ sí orí ìtàgé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ìtàn ogun ló máa ń yan akọni àti ọ̀tá fún gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀, Oǹdó àti Àkúrẹ́ sì wà lára àwọn ìlú tí ìtàn ogun wọn ti pẹ́ nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn, àwọn ará Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Bìní àti àwọn ìjíhìnrere.

Àwọn ogun kan wà ní ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti ń kọ ìtàn wọn fún ohun tó lé ní 900 ọdún, tí ọ̀rọ̀ wọn sì lè la ojú ẹni sí ti ilé. Àwọn ni Ogun Àgbélébùú, tí àwọn Póòpù ìlú Róòmù pe àwọn Kristẹni Yúróòpù sí láti gba Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, tí ẹni tó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ láti lọ sì máa ń rán àmì àgbélébùú mọ́ aṣọ rẹ̀. Póòpù Urban Kejì ló pe àkọ́kọ́ wọn ní ìlú Clermont, ní ilẹ̀ Faransé, ní oṣù kọkànlá ọdún 1095; wọ́n gba Jerúsálẹ́mù ní oṣù keje ọdún 1099, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí àti Júù tí wọ́n bá nínú ìlú náà; Saladin, ọba tó kó Íjíbítì àti Síríà pọ̀ sábẹ́ ara rẹ̀, gbà á padà ní 1187 lẹ́yìn tó ti ṣẹ́gun wọn ní Hattin; ìlú Acre, odi ńlá tó kù sí wọn lọ́wọ́ létí òkun, ṣubú ní 1291.

Ìwé tí àwọn Kristẹni Yúróòpù gbójú lé jù lọ lórí àwọn ogun wọ̀nyí ni ti William, tí wọ́n bí ní Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí ọdún 1130, tó di olórí àwọn akọ̀wé ọba níbẹ̀, tó sì di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Tyre ní 1175. Nínú ìjọba tó ń kọ ìtàn rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ti ń jẹun. Ó mọ àwọn ọba náà lójúkojú, òun ló kọ́ Baldwin Kẹrin ní ìwé nígbà èwe, òun ló sì kọ́kọ́ fura pé ọmọ náà ní àrùn ẹ̀tẹ̀. Ní apá kejì, Ibn al-Athir, tó gbé ní Mosul, tó sì kú ní 1233, kọ ìtàn àwọn ogun kan náà láti ojú Mùsùlùmí tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀, nígbà tí Usama ibn Munqidh, ìjòyè ará Síríà tí wọ́n bí ní 1095 gan-an, tó sì kú ní 1188, kọ ìwé ìrántí ayé rẹ̀, níbi tó ti sọ bí àwọn jagunjagun onísìn kan ní Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n ń pè ní Templar, ṣe fún un láyè láti kírun nítòsí mọ́sálásí Al-Aqsa, tí wọ́n sì lé ará wọn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Yúróòpù dé kúrò nígbà tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìwé Usama yìí wà ní ibi ìpamọ́ ìwé Escorial ní Spéìn láìsí ẹni tó kà á sí, títí di 1880 tí Hartwig Derenbourg fi rí i. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, nítorí náà, ojú William ni Yúróòpù fi ń wo ogun náà, kó tó kan àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ. Walter Scott, ará Skọ́tlándì, gbé ìwé The Talisman jáde ní 1825, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé Saladin pa ara dà bí oníṣègùn, ó wọ àgọ́ Richard, ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wò ó sàn. Nínú ìtàn gidi, àwọn méjèèjì kò fojú kan ara wọn rí. Ṣùgbọ́n àwòrán ọba Mùsùlùmí ọlọ́lá àti ọba Kristẹni alágbára tó bọ̀wọ̀ fún ara wọn ti wọ inú ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì jáde mọ́. Amin Maalouf, ọmọ Lẹ́bánónì tó ń kọ ìtàn àròsọ ní èdè Faransé, ló jókòó ní 1983 láti sọ ogun náà fún òǹkàwé lásán bí àwọn òpìtàn Lárúbáwá ṣe kọ ọ́, Carole Hillenbrand sì ṣe iṣẹ́ náà fún àwọn onímọ̀ ní 1999 pẹ̀lú ìwé ńlá tó gbé kalẹ̀ lórí ohun tí Mùsùlùmí rò nípa ogun náà.

Ní ti ilé, ìlú Oǹdó, tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀ṣemàwé, wà ní àárín igbó tó yà Ifẹ̀ àti Iléṣà nípá sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti ọ̀sà. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjà abẹ́lé fọ́ ìlú náà, àwọn èèyàn sá lọ sí oko àti abà, Òde-Oǹdó fúnra rẹ̀ sì di ahoro; láàárín àkókò kan náà ni àwọn tí ogun lé kúrò ní Ifẹ̀ tẹ̀dó sí Òkè-Igbó, ní ààlà Oǹdó, lábẹ́ akọni kan tó ń jẹ́ Adérìn Ológbèńlá, tí ọwọ́ rẹ̀ sì le mọ́ àwọn Oǹdó tó fọ́nká náà. Adérìn yìí ni wọ́n yàn ní Ọọ̀ni lẹ́yìn náà, tó sì dúró sí Òkè-Igbó títí tó fi kú. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ Oǹdó padà ti Èkó wá. Nígbà náà, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló di ọ̀nà tó ti etíkun lọ sí òkè mú, tí wọ́n sì ń tì í pa nígbà tó bá wù wọ́n, èyí tó ń ba ọjà àwọn oníṣòwò Èkó jẹ́, tó sì ń bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ nínú. John Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, wá ọ̀nà mìíràn tí kò gba ilẹ̀ àwọn méjèèjì kọjá: láti Atijẹ́rẹ́ létí ọ̀sà, gba inú igbó Ìkálẹ̀, dé Oǹdó, kó tó lọ sí Ifẹ̀, Iléṣà àti Èkìtì. Kí ọ̀nà náà lè rìn, ìlú gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, ìyẹn ló fà á tí àwọn ikọ̀ Glover fi bá àwọn Oǹdó parí ìjà ní 1872, tí àwọn ará ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ilé.

Ẹ̀yìn àwọn oníṣòwò ni àwọn ìjíhìnrere gbà wọlé. Ní 1877, ẹgbẹ́ CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ ìjíhìnrere Áńgílíkà láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rán Charles Phillips sí Oǹdó, ọmọ Áfíríkà bíi ti àwọn tó wá wàásù fún, ẹni tó jẹ́ pé ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ṣeyebíye jù lọ tí Oǹdó ní lónìí lórí bí ìlú náà ṣe rí kí ìjọba òyìnbó tó dé. Ó kọ ọ̀rọ̀ ààfin àti ọjà síbẹ̀, ó kọ ti ọdún ìbílẹ̀ àti ti àwọn tó ń sá kúrò lóko ẹrú, ó sì kọ nípa ìfènìyàn-rúbọ tó ń bá àwọn ìjòyè jà lé lórí. Kò fi pamọ́ pé òun fẹ́ kí ẹ̀sìn tòun borí, a sì gbọ́dọ̀ rántí èyí nígbà tí a bá ń ka ohun tó sọ nípa àwọn babaláwo. Síbẹ̀ ó wà níbẹ̀, ó fojú rí i, ó sì kọ ọ́ ní ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ní 1893, òun àti Isaac Olúwọlé di bíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan náà.

Ọdún tí Phillips dé Oǹdó ni iná tí ń jó lábẹ́lẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là sí òkè. Ìbàdàn ti gbé àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tó sì ń pàṣẹ, sí ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tó wà nílùú rẹ̀, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀ di Èkìtìparapọ̀ lábẹ́ Ògèdèǹgbé ará Iléṣà. Ogun náà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Kírìjì, dúró lójú kan láàárín àwọn òkè tó wà nítòsí Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1886, Gómìnà Moloney rán ikọ̀ méjì jáde láti Èkó: Samuel Johnson lọ bá Ìbàdàn àti Aláàfin, Phillips sì lọ bá Èkìtìparapọ̀, Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Nínú oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú àgọ́ ká pátápátá.

Johnson yìí kan náà ni òpìtàn tí gbogbo ẹni tó ń kọ ìtàn Yorùbá ń lọ bá. Wọ́n bí i ní Sàró ní 1846, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ọ̀yọ́, ó sì ka ara rẹ̀ mọ́ ìdílé Aláàfin Abíọ́dún. Ìbàdàn ló gbé dàgbà, Ọ̀yọ́ ló sì ti ṣiṣẹ́ àlùfáà. Ó parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ó kú ní 1901, àwọn tó gba ìwé náà láti tẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ nù, àbúrò rẹ̀ Obadiah, tó jẹ́ dókítà, sì tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, kó tó jáde ní 1921 lẹ́yìn tí òun náà ti kú. Bí a bá gbé Johnson sẹ́gbẹ̀ẹ́ William ará Tyre, a ó rí i pé ipò kan náà ni wọ́n wà: ọ̀mọ̀wé onísìn ni àwọn méjèèjì, wọ́n jíṣẹ́ fún àwọn aláṣẹ, wọ́n ní lẹ́tà àti ìwé àdéhùn lọ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ràn ìlú tí wọ́n ti ń wo ogun náà. Johnson kì í purọ́ fún Ìbàdàn. Ó sọ ìwà ìkà àwọn ológun Ìbàdàn láìbò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n orí òkè Ìbàdàn ni ó dúró sí tó fi ń wo ilẹ̀, nítorí náà Èkìtì, Àkúrẹ́ àti Oǹdó máa ń wọ inú ìwé rẹ̀ nígbà tí Ìbàdàn bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì máa ń jáde nígbà tí Ìbàdàn bá kúrò.

Ẹni tó ṣí ojú ìtàn sí apá kejì ni S. A. Akíntóyè, tí wọ́n bí ní Adó-Èkìtì ní 1935. Ní 1969, ó kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ọ̀nà Oǹdó nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ìtàn Áfíríkà, ní 1971 ó sì gbé ìwé ńlá jáde lórí bí Ìbàdàn ṣe gbilẹ̀ àti bí Èkìtìparapọ̀ ṣe dìde, níbi tó ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà ìlú Èkìtì àti ìwé àwọn CMS, títí kan ti Phillips, wo ara wọn. Ohun tó hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ọ̀nà Oǹdó, tí Glover là fún òwò, ló gbé Kírìjì ró. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tó ti oko ẹrú padà láti Sàró, ń kó ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ gba ibẹ̀, ìbọn tí a ń ti ìdí kì lọ́ta, tí ọta rẹ̀ yára ju ti ìbọn ṣakabùlà àwọn Ìbàdàn, tó sì ń lọ jìnnà jù ú. Ẹni tó bá ka Johnson nìkan yóò rí àwọn ìbọn náà nígbà tí wọ́n bá ń pa èèyàn Ìbàdàn lójú ogun. Ẹni tó bá ka Akíntóyè yóò rí i pé ìlú Oǹdó, tí ọ̀pọ̀ kò kà mọ́ ogun náà rárá, ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀ràn Ògèdèǹgbé yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ó ti hàn pé akọni ìlú kan lè jẹ́ ẹ̀rù ìlú mìíràn. Lẹ́yìn tí Ìbàdàn ti fọ́ Iléṣà ní 1870, Ògèdèǹgbé kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ sí apá ìlà-oòrùn, ó sì fi Ìta-Ògbólú, ní agbègbè Àkúrẹ́, ṣe ibùdó, tó ń ti ibẹ̀ jáde lọ jà ní ilẹ̀ Àkókó àti àwọn ìlú yíká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ránṣẹ́ pè é wá ṣe olórí Èkìtìparapọ̀. Ní Iléṣà, olùdáǹdè ni, ère rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí wọ́n kó ní ẹrú láti abúlé Àkókó ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ìbọn Ògèdèǹgbé àti ìbọn Látóòsà, Ààrẹ Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní òkèèrè: Richard tí Scott yìn nínú The Talisman ni ẹni tó pàṣẹ ní oṣù kẹjọ ọdún 1191 pé kí wọ́n pa àwọn ìgbèkùn Mùsùlùmí tó lé ní 2,000 lẹ́yìn odi Acre. Òpìtàn tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ apá méjèèjì sílẹ̀, kí ó má sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti ẹ̀sìn, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé Ogun Àgbélébùú jẹ́ ti Kristẹni pẹ̀lú Mùsùlùmí láìsí àbùlà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn sì ń rò pé ogun Yorùbá kò ní ẹ̀sìn nínú rárá. Ìtàn kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ní 1140, àwọn Mùsùlùmí Damásíkù bá àwọn Kristẹni Jerúsálẹ́mù pawọ́ pọ̀ láti dojú kọ Zengi, Mùsùlùmí ẹgbẹ́ wọn. Ní 1204, àwọn tó gbé àgbélébùú láti Yúróòpù ló kó ìlú Kristẹni Constantinople ní ìkógun. Nílẹ̀ Yorùbá, jíhààdì tí Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ ní 1804 ló tàn dé Ìlọrin, tó sọ ọ́ di ti ẹ́míà, tó sì fa ọ̀pọ̀ ìṣíkiri tó mú Ìbàdàn wá sáyé. Síbẹ̀ Látóòsà ará Ìbàdàn jẹ́ Mùsùlùmí, Ìlọrin jẹ́ ìlú Mùsùlùmí, ẹ̀gbẹ́ Èkìtìparapọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn ń bọ òrìṣà, tí àwọn alátìlẹ́yìn wọn ní Èkó sì jẹ́ Kristẹni, ni Ìlọrin bọ́ sí láti bá Ìbàdàn jà. Láàárín àwọn onímọ̀ Ogun Àgbélébùú, Steven Runciman, nínú ìwé alápá mẹ́ta tó gbé jáde láti 1951 sí 1954, dá ogun náà lẹ́bi gẹ́gẹ́ bí àìgbara-ẹni-gbà tó fi orúkọ Ọlọ́run bora, nígbà tí Jonathan Riley-Smith, tó ka àwọn ìwé tí àwọn jagunjagun fi ta ilẹ̀ tàbí fi dógò kí wọ́n tó lọ, sọ pé ìgbàgbọ́ ló gbé ọ̀pọ̀ wọn jáde, nítorí pé gbèsè ni ìrìn-àjò náà jẹ́ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà àti ìwé àwọn CMS tí Akíntóyè lò ṣe yí ojú ìtàn Kírìjì padà. Nígbà tí orísun ìmọ̀ bá yí, ìdájọ́ a máa yí.

Àkúrẹ́ ní tirẹ̀ gbé ẹrù Bìní. Ìlú tí Ọmọrẹ́mílẹ́kún, tí wọ́n tún ń pè ní Àsọdẹbóyèdé, dá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà rẹ̀ ṣe sọ, wà ní ojú ọ̀nà tí òwò Bìní ń gbà lọ sí Èkìtì, àwọn ọmọ Bìní sì ti pẹ́ ní àdúgbò tiwọn níbẹ̀. Ìjà tó gbajúmọ̀ jù láàárín ìlú méjèèjì ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 1818, nígbà tí Osemwende jẹ́ Ọba Bìní, tí Arákálẹ̀ sì jẹ́ Déjì Àkúrẹ́: wọ́n pa ìránṣẹ́ Ọba Bìní ní Àkúrẹ́, àwọn ọmọ ogun Bìní dé, wọ́n ṣẹ́gun ìlú, wọ́n sì pa Arákálẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òpópónà tí ọjà pọ̀ sí jù ní Àkúrẹ́ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láìbéèrè ẹni tó jẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sì yẹ kí ó dun àwọn tó fẹ́ràn ìlú náà.

Òǹkọ̀wé tó mú ìtàn ogun yìí wọ inú ìwé ni Jacob Egharevba, ará Bìní, tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Bìní kọ́kọ́ jáde ní èdè Edo, kó tó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1934. Ìdànrè, lórí òkè tó súnmọ́ Àkúrẹ́, ni wọ́n ti bí Egharevba ní 1893, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ń ṣòwò níbẹ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ṣùgbọ́n ààfin Bìní ni ó kọ̀wé fún, ó sì tún ìwé rẹ̀ ṣe ní 1953, 1960 àti 1968, tí àwọn àtẹ̀jáde wọ̀nyí kò sì sọ ohun kan náà lórí gbogbo ọ̀rọ̀, pàápàá lórí ìpìlẹ̀ ìjọba Bìní àti Ifẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, ogun Àkúrẹ́ jẹ́ ìyà tó tọ́ sí ìlú abẹ́ tó ṣọ̀tẹ̀. Bí a bá bi Àkúrẹ́, a ó gbọ́ ti ọba tó kọ̀ láti tẹrí ba. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àmúnisìn tó wá kọ ìròyìn lórí ìlú kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọdún 1930, tí ìròyìn wọn wà ní ibi ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ti orílẹ̀-èdè ní Ìbàdàn, gbọ́ ohun tí Àkúrẹ́ ní láti sọ, wọ́n sì kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó orí àti ẹ̀tọ́ oyè ni wọ́n ń wá, nítorí náà àwọn ìdílé ọba ní ìdí láti gbé ìtàn tiwọn ga. Nígbà tí Ọlá Rótìmí kọ eré Ovonramwen Nogbaisi, tó jáde ní ìwé ní 1974, lórí ìṣubú Bìní lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1897, ojú ààfin Bìní náà ló fi wo ayé, bó sì ti yẹ kó rí nìyẹn fún eré tó dá lórí ọba Bìní. Ọdún tí Bìní ṣubú yẹn gan-an ni Afúnbíowó Adéṣídà Kìíní gorí oyè ní Àkúrẹ́, tó sì wà níbẹ̀ títí di 1957.

Ó yẹ kí òǹkàwé wo àwọn eré onítàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ń kà láti ìgbà pípẹ́. Kúrunmí tí Rótìmí kọ́kọ́ gbé sórí ìtàgé ní 1969 jẹ́ ti Ìjàyè àti Ìbàdàn. Baṣọ̀run Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí tẹ̀ jáde ní 1972 jẹ́ ti Ọ̀yọ́. Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi gba ẹ̀bùn ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá, tó sì jáde ní 1970, jẹ́ ti Ìbàdàn. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn, èdè inú wọn kò sì ní ẹlẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ ti Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ nínú wọn. Wálé Ògúnyẹmí, tí wọ́n bí ní Ìgbájọ tí ogun Kírìjì ti jà lẹ́bàá rẹ̀, ló gbé ogun náà sínú eré tó jáde ní 1976, Kírìjì ni àkọlé rẹ̀, Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan sì mú eré Gíríìkì àtijọ́ lórí àwọn obìnrin ìlú tí ogun fọ́ wá sí ilẹ̀ Òwu nínú Women of Owu. Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, ìtàn àròsọ tí Fálétí gbé jáde ní 1969 lórí Àjàyí tó kọ̀ láti máa sìnrú fún Olúmokin, kò dárúkọ Àkúrẹ́ tàbí Èkìtì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á ní Àkúrẹ́ lè rí baba ńlá rẹ̀ nínú rẹ̀ ju bó ti lè rí i nínú ìwé Egharevba.

Agbára eré onítàn hàn jù lọ lára Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn. Nínú eré Ìṣọ̀lá, obìnrin òǹrorò tí kò ní ọmọ ni, ó ń pa ẹrú, Látóòsà kó àwọn ìjòyè lọ mú un, ó sì gbé májèlé jẹ. Nínú ìwé Johnson, ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ogun ló wà láàárín òun àti Látóòsà, wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1874, àwọn ẹrú rẹ̀ sì pa á lóru lọ́dún kan náà pẹ̀lú ìlọ́wọ́sí àwọn alágbára. Bọ́láńlé Awẹ́, nígbà tó tún wo ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ìtàn, fi hàn pé obìnrin ọlọ́rọ̀ tó tako àwọn ogun àjàìparí Látóòsà ni. Ìṣọ̀lá kò ṣe ohun tí kò yẹ kí òǹkọ̀wé eré ṣe, nítorí pé ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣẹ̀dá ìwà àti ọ̀rọ̀. Ẹ̀bi wà lọ́rùn olùkọ́ tó ń fi eré náà kọ́ni bí ẹni pé ó jẹ́ ìwé ìtàn, tí kò sì fi ojú-ewé Johnson hàn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí Ìṣọ̀lá ṣe sí Ẹfúnṣetán náà ni Scott ṣe sí Saladin, àfi pé Saladin di ẹni rere, Ẹfúnṣetán sì di ẹni búburú.

D. O. Fágúnwà, tí wọ́n bí ní Òkè-Igbó ní 1903, nínú ìlú tí ogun dá sílẹ̀ yẹn gan-an, kò kọ ìtàn ogun ìlú rẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, igbó ni ó yàn, níbi tí àwọn ọdẹ akíkanjú ti ń bá iwin jà kí wọ́n lè dé Òkè Láńgbòdó fún ire ìlú wọn. Ẹni tó bá mọ bí àwọn Ifẹ̀ àti àwọn Oǹdó ṣe sá wọ igbó náà ní ìran tó ṣáájú rẹ̀ lè rò pé ẹ̀rù àti ìgboyà wọn wà lábẹ́ ìtàn náà, ṣùgbọ́n èrò ni èyí, kò tó ohun tí a lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ohun tó kù fún Oǹdó àti Àkúrẹ́ ni iṣẹ́ tí Maalouf ṣe fún àwọn Lárúbáwá: kí ẹnìkan kó àwọn ẹ̀rí tiwọn jọ, kí ó sì sọ ọ́ fún òǹkàwé lásán ní èdè tó gbọ́. Àwọn ẹ̀rí náà kò sọnù. Ìwé àkọsílẹ̀ Phillips wà lára àwọn ìwé CMS ní yunifásítì Birmingham ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, J. D. Y. Peel sì ti lo irú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 2000 lórí bí Yorùbá àti Kristẹni ṣe pàdé. Jacob Olúpọ̀nà ti kọ ọdún àti ìjọba Oǹdó sílẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde ní 1991, níbi tí ọdún Ògún àti ipò Lóbùn, obìnrin tó ní ọwọ́ nínú fífi Ọ̀ṣemàwé jẹ, ti hàn kedere. Ìlú tó gbà pé obìnrin, Púpùpú, ni ó kọ́kọ́ jọba lórí òun, tó sì ṣì ń fi ọwọ́ obìnrin gbé ọba sórí oyè, ní ìtàn tí ó yẹ kí òǹkọ̀wé eré kan ti gbé wọ orí ìtàgé. Kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì, bẹ̀rẹ̀ láti orí Phillips: kí wọ́n túmọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti 1877 sí Yorùbá, kí wọ́n kọ ohun tí àwọn àgbà Oǹdó, Òkè-Igbó, Ìta-Ògbólú àti Àkúrẹ́ bá sọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní iye tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè rà.